Ìtọ́jú Ilẹ̀ Ọgbà Ẹ̀fọ́ Kí Òtútù Tó Wọlé ní Ìlú Ọba

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn tí ẹ ń gbé ní Ìlú Ọba, ẹni tó bá fẹ́ ká tẹ̀tẹ̀ nínú ọgbà rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá ni kó ti tọ́jú ilẹ̀. Èyí tí ẹyẹ bá ṣà jẹ níbẹ̀ pàápàá, sàárà ni, gẹ́gẹ́ bí Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti kọ́ wa.

Ẹ kó igi tòmátò tó ti kú kúrò. Èyí tí àrùn mú, ẹ má dà á mọ́ ohun tí ẹ fẹ́ sọ di ajílẹ̀.

Ilẹ̀ amọ̀ ló pọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ fi ṣọ́bìrì tú u, ẹ má fọ́ ògúlùtu rẹ̀. Omi inú rẹ̀ á dì, á wú, á sì fọ́ ọ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ilẹ̀ oníyanrìn, ẹ má tú u, òjò á fọ ọ̀rá rẹ̀ lọ. Páálí tàbí ewé tó wọ́ ni kí ẹ fi bò ó.

Ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ gan-an la fẹ́ tẹnu mọ́. Ẹ bi ẹni tó ń tà á pé ìgbẹ́ ẹran wo ni, torí wọ́n ń sin ẹlẹ́dẹ̀ níbí, a kò sì fẹ́ nájísì rẹ̀ lára aṣọ tí a ó fi kírun. Ti màlúù tàbí àgùntàn tó ti jẹrà dáadáa tó. Tútù rẹ̀ máa ń jó gbòǹgbò. Ẹ tẹ́ ẹ nípọn bí ìka mẹ́rin, ekòló á gbé e wọlẹ̀. Ti ajá àti ológbò, àrùn ni.

Tọ́wọ́ bá ń yún yín láti gbin nǹkan, ẹ gbin àáyù. Ó nílò òtútù yẹn kó tó lè pín sí awẹ́. Tẹ̀tẹ̀ di ìparí oṣù karùn-ún.