Ta Ló Kọ́kọ́ Yẹ Digírì Báyọ́lọ́jì Wò Nílẹ̀ Yìí?

Ní Adégbayì, lójú ọ̀nà Ifẹ̀, ni mo ti bá àwọn àgbà méjì lẹ́nu àríyànjiyàn. Tíṣà báyọ́lọ́jì tó ti fẹ̀yìntì ni àwọn méjèèjì. Ọmọ-ọmọ ọ̀kan nínú wọn ń kẹ́kọ̀ọ́ gba digírì báyọ́lọ́jì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba kékeré kan, àwọn aláyẹ̀wò sì ń bọ̀ láti Àbújá. Bàbá àgbà ọmọ náà ní, "Wọ́n ń kun ògiri, wọ́n ń to fáìlì. Tíṣà, ta ló dá irú àyẹ̀wò yìí sílẹ̀?"

Ẹnìkejì dáhùn pé àwọn ológun ni. Òótọ́ wà níbẹ̀: òfin ìjọba ológun ọdún 1985 ló fún NUC, àjọ tó ń rí sí yunifásítì, lágbára láti yẹ ẹ̀kọ́ digírì wò, ìlànà jáde ní 1989, àyẹ̀wò sì bẹ̀rẹ̀ ní 1990.

Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Ó ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀n ló ṣe é ṣáájú. Nígbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní Ẹlẹ́yẹlé ní 1948 pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 104, digírì Lọ́ńdọ̀n ni wọ́n ń gbà níbẹ̀. Lọ́ńdọ̀n ló ń fọwọ́ sí sílábọ́ọ̀sì, tó sì ń bá àwọn olùkọ́ Ìbàdàn máàkì ìdánwò. Bẹ́ẹ̀ ló rí títí di 1962.

Ní tèmi, ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn jù wà láàárín méjèèjì. Ní 1959, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Eric Ashby, ìgbìmọ̀ yìí ló sì dábàá ní 1960 pé kí a dá NUC sílẹ̀. Onímọ̀ ewéko ni Ashby. Ọ̀kan nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́ta tó bá a jókòó ni Dókítà Ṣànyà Ọ̀nàbámirò, ọmọ Àgọ́-Ìwòyè, tó ti ṣe ìwádìí lórí sòbìà. Omi tí àwọn ará abúlé ń mu ló ń yẹ̀ wò, nítorí inú àwọn ẹ̀dá wínníwínní tó wà nínú rẹ̀ ni ọmọ sòbìà ń fara pamọ́ sí kó tó wọ ara ènìyàn. Irú àwọn tó ń fojú ara wọn wo nǹkan báyìí ló wà nídìí àbá yẹn.

Lónìí, àwọn aláyẹ̀wò ń wo ohun tí wọ́n ń kọ́, olùkọ́, yàrá ìwádìí, ilé ìkàwé, owó, àti ohun tí agbanisíṣẹ́ ń sọ. Ẹ̀kọ́ tó bá gba máàkì 70 sókè, tó sì yege nínú àwọn ohun pàtàkì, ń gba ìwé àṣẹ ọdún márùn-ún. 60 sí 69 ń gba ọdún méjì. Èyí tó bá rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ kò gbọdọ̀ gba ọmọ tuntun.

Bàbá mirí. "Láyé tiwa, ìwọ fúnra rẹ ni wàá la ọ̀pọ̀lọ́, tí wàá yàwòrán ohun tí o rí. Nísinsìnyí, mo gbọ́ pé àwọn mìíràn ń yá máíkírósíkóòpù nítorí ọjọ́ àyẹ̀wò." Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀, ó sì ń dùn mí. Fáìlì tó tò kò sọ ohun tí ọmọ mọ̀.

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó san owó ìgbàwọlé, ẹ béèrè ọdún tí NUC yẹ ẹ̀kọ́ náà wò gbẹ̀yìn. Ẹ ní kí wọ́n mú yín dé yàrá ìwádìí, kí ẹ sì bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ léèrè ohun tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe lọ́sẹ̀ yẹn.