Bagamoyo: Èbúté ẹrú tó di ibi ìrìn-àjò afẹ́

Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ní í gbẹ. Ìlú Bagamoyo, tó wà létí òkun ní àríwá Dar es Salaam ní Tanzania, kò jẹ́ gbàgbé tirẹ̀.

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ibẹ̀ ni ọ̀nà àwọn oníṣòwò eyín erin àti ẹrú láti ìhà adágún Tanganyika parí sí. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú wọkọ̀ lọ sí Zanzibar. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìtumọ̀ orúkọ ìlú náà ni "gbé ọkàn rẹ sílẹ̀". Àwọn kan ní aláàárù tó sọ ẹrù kalẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn ní ẹrú tó mọ̀ pé òun kò ní rí ilé mọ́ ni.

Ní 1868, àwọn àlùfáà Kátólíìkì tẹ̀dó síbẹ̀, wọ́n sì fún àwọn ẹrú tí wọ́n rà padà ní ibùgbé. Ní oṣù Kejì ọdún 1874 ni Chuma àti Susi gbé òkú David Livingstone dé ibẹ̀, láti ilẹ̀ tó di Zambia lónìí. Púpọ̀ nínú àwọn ilé òkúta ìgbà náà ti ń wó.

Ní àríwá ìlú náà ni ọgbà ẹranko Saadani wà, tí ìjọba sọ di ọgbà orílẹ̀-èdè ní 2005. Níbẹ̀, igbó àti òkun pàdé. Erin àti kìnnìún wà níbẹ̀. Erinmi àti ọ̀nì ń bẹ nínú odò Wami. Ìjàpá òkun sì ń yé ẹyin sínú iyanrìn. Ọ̀nà ibẹ̀ máa ń bàjẹ́ lásìkò òjò, láti oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún.

Kí àlejò kọ́kọ́ wo ìlú kó tó wo ẹranko. Ẹranko ń bímọ. Ilé àtijọ́ tó bá wó kì í bí òmíràn.