Ihò Íápíìsì Lára Fóònù àti Ìlera Etí Ìdílé Wa

Ọ̀rọ̀ etí ni a mú wá lọ́tẹ̀ yìí. Bí ìdílé bá fẹ́ ra fóònù tuntun, wọ́n máa ń béèrè bóyá èyí tó ní ihò íápíìsì ló dára jù tàbí èyí tí kò ní. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé Bluetooth ń pa ènìyàn lára. Àwọn mìíràn gbà pé onówáyà kò léwu rárá.

Oṣù September ọdún 2016 ni ilé-iṣẹ́ Apple gbé iPhone 7 jáde láìsí ihò yìí. Wọ́n ní àyè tó ń gbà nínú fóònù wúlò fún nǹkan mìíràn. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn tẹ̀lé wọn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú ṣì ní in.

Lójú tiwa, ó dára kí ihò náà wà. Íápíìsì onówáyà kò wọ́n, kì í sì í béèrè pé kí a ṣáájì òun. Yàtọ̀ sí èyí, òbí ń rí wáyà lára ọmọ. Aláìníwáyà lè fara pamọ́ sábẹ́ híjáàbù tàbí fìlà. A ó máa pe ọmọ, kò ní í gbọ́. Ewu ńlá ni bí ó bá ń sọdá títì.

Ní ti ìbẹ̀rù Bluetooth, agbára tó fi ń ṣiṣẹ́ kéré gan-an sí ti fóònù tí a gbé lé etí. Ohun tó ń ba etí jẹ́ ni ohùn tó pọ̀jù àti àkókò tó gùn jù, ìbáà jẹ́ onówáyà tàbí aláìníwáyà.

Nínú etí lọ́hùn-ún, àwọn irun tín-ín-tín-ín kan wà tó ń gba ohùn ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Ariwo líle ń pa wọ́n, bí wọ́n bá sì ti kú, wọn kì í hù mọ́. Dẹ́síbẹ́lì ni òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ bí ariwo ti pọ̀ tó. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má gbọ́ ju dẹ́síbẹ́lì 80 lọ fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Ti ọmọdé jẹ́ 75. Bí ohùn bá fi 3 péré lé sí i, àkókò náà dín sí ìdajì. Bí àgbàlagbà bá gbé e dé 90, wákàtí 4 péré ló kù fún un lọ́sẹ̀.

Ọmọ ilé-kéwú tó ń fi íápíìsì há Àlùkùránì sórí ń ṣe ohun rere. Ṣùgbọ́n ariwo ni etí mọ̀, kò mọ̀ bóyá kéwú ni tàbí orin. Ẹ jẹ́ kí ó dín ohùn kù, kí ó sì máa sinmi.

Ẹ kíyè sí nǹkan wọ̀nyí:

1. Ẹ má jẹ́ kí ohùn kọjá ìdá 60 nínú 100. Bí ẹni tó wà nítòsí bá ń gbọ́ ohun tó wà ní etí ọmọ, ó ti pọ̀jù. Bí etí bá ń hó lẹ́yìn tí a yọ íápíìsì, ìkìlọ̀ ni.

2. Lẹ́yìn àlùwàlá, ẹ nu etí gbẹ kí ẹ tó ki íápíìsì bọ̀ ọ́. Ibi tó tutù tí a sì dé pa ni kòkòrò àrùn ń fẹ́.

3. Kí olúkúlùkù ní tirẹ̀. Ẹ máa fi aṣọ mímọ́ tí kò rin ṣìnkìn nù ún lóòrèkóòrè.

4. Ẹ má fi onówáyà sí etí nígbà tí fóònù bá wà lórí iná.

5. Ẹ má fi ìyẹ́ adìyẹ, igi ìṣáná tàbí òwú onígi ro etí. Bí etí bá ń dunni tàbí tó ń ṣọyún, ẹ yọ íápíìsì, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn; ẹ má da òróró sí i.

Àmánà ni etí jẹ́ lọ́wọ́ wa, a ó sì jíhìn nípa rẹ̀. Kí Ọlọ́hun bá wa ṣọ́ etí wa àti ti àwọn ọmọ wa. Āmīn.