Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Nígbà tí dókítà bá ní ọ́tísíìmù ló ń ṣe ọmọ yín

Ọmọ pé ọdún mẹ́ta, ẹ pè é lórúkọ, kò yíjú. Ìdérí ìgò ló ń tò láti àárọ̀. Bí wọ́n bá tan ẹ̀rọ ìlọta ládùúgbò, á fọwọ́ di etí, á figbe ta. Ìyá àgbà á ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀." Àwọn mìíràn á ní emèrè ni, wọ́n á máa wo ìyá rẹ̀ níwòkuwò. (N ò tíì rí ẹni tó ń wo bàbá bẹ́ẹ̀ o!)

Ọ́tísíìmù kì í ṣe èpè. Bí ọpọlọ ọmọ náà ṣe ń dàgbà ló yàtọ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kọ́ ló fà á. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní 2021, nǹkan bí ẹnì kan nínú 127 ló ní in.

Ọ̀nà ilé ìwòsàn ni wàhálà tiwa ní Èkìtì. Ará Ìkọ̀lé á gba Ọ̀yẹ́ àti Ìfàkì kọjá kó tó dé ilé ìwòsàn ìkọ́ni ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó. Ẹ̀ẹ̀kan kì í sì í tó. Owó ọkọ̀ ń lọ, ìyá ò lè nájà, ilé ìwé kan tún lè ní àwọn ò gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Òfin àwọn aláàbọ̀ ara tí ààrẹ Nàìjíríà ìgbà náà fọwọ́ sí ní January 2019 ka irú ìyàsọ́tọ̀ yẹn léèwọ̀.

Ẹ má dúró di ìgbà tí ọmọ bá pé ọdún mẹ́fà kẹ́ ẹ tó gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ etí rẹ̀ wò, kẹ́ ẹ sì bi dókítà léèrè ohun tẹ́ ẹ lè máa kọ́ ọ nílé, kí ìrìnnà yín lè dín kù.