Gúlútìnì: Yíyá Orúkọ Lò Sàn Ju Ìṣìnà Lọ

Gúlútìnì ni purotéènì inú àlìkámà, ọkà báálì àti ráì, tí í mú kí ìyẹ̀fun búrẹ́dì fà bí a bá pò ó. Ní 1950, Willem Dicke, oníṣègùn ọmọ Họ́láńdì, ṣàlàyé pé àlìkámà a máa pa àwọn ọmọdé tí ó ní àrùn sílíákì, àrùn ìfun, lára.

Bí a bá sọ gúlútìnì ní ‘amóúnjẹfà’, a ó ṣi aláìsàn lọ́nà. Iyán ń fà, fùfú ń fà; síbẹ̀ kò sí gúlútìnì nínú iṣu tàbí ẹ̀gẹ́. Ẹ jẹ́ kí a yá orúkọ náà lò.

Bákan náà, kí olùtumọ̀ ìwé oúnjẹ má ṣe kọ ‘ìyẹ̀fun’ lásán. ‘Ìyẹ̀fun àlìkámà’ ni, tàbí ‘ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́’? Ìlera ẹni tí yóò jẹ ẹ́ wà nínú ọ̀rọ̀ kan yẹn.