Ẹ̀yin Àgbà Tí Ń Gun Kẹ̀kẹ́, Ẹ Má Ṣe Gbàgbé Okun Ẹsẹ̀ Yín

Ẹni tí ó bá ti gun kẹ̀kẹ́ ológeere láti Òkè-Fìà ní Òṣogbo dé Iléṣà mọ̀ pé ọ̀nà náà kì í ṣe pẹ̀tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ènìyàn bá sì ti lé ní ẹni 50 ọdún, òkè tí ó ń gùn pẹ̀lú ìrọ̀rùn tẹ́lẹ̀ a wá dà bí ẹni pé ó ga sí i. Ọ̀pọ̀ àgbà rò pé bí àwọn bá ṣáà ti ń gun kẹ̀kẹ́ déédéé, agbára àwọn kò ní dín kù. Òtítọ́ wà nínú èrò yìí, ṣùgbọ́n kò pé.

Kẹ̀kẹ́ gígùn ṣe ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ní oore púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ orí ti ń pọ̀ sí i ni iṣan ara ń súnkì, èyí tí a sì fi ń gun òkè tàbí tí a fi ń tètè gba ara ẹni dúró nígbà tí a bá kọsẹ̀ ni ó ń dín kù jù. Bákan náà, kẹ̀kẹ́ ni ó ru ẹni tí ó gùn ún. Nítorí náà egungun rẹ̀ kì í rí ẹrù tó láti gbé, bẹ́ẹ̀ ẹrù ni ń mú egungun le. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ṣubú, egungun ìbàdí rẹ̀ lè kán, ó sì lè má lè dá rìn mọ́.

Ìwádìí ti fi hàn pé àtúnṣe wà. Ní ọdún 1990, àwọn dókítà ní ìlú Boston, ní Amẹ́ríkà, ròyìn bí wọ́n ti fi ọ̀sẹ̀ 8 kọ́ àwọn arúgbó tí ó tó nǹkan bí ẹni 90 ọdún láti máa fi ẹsẹ̀ gbé ohun wúwo. Ní ìṣirò gbogbo wọn, agbára ẹsẹ̀ wọn ju ìlọ́po méjì ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ní ọdún 2012, ìwádìí mìíràn láti ilẹ̀ Faransé fi hàn pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3 péré tí àwọn eléré ìje tí ó tó nǹkan bí ẹni 50 ọdún fi ṣe irú iṣẹ́ yìí, agbára tí wọ́n ń ná lórí kẹ̀kẹ́ dín kù.

Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà wá níyànjú ní ọdún 2020 pé kí a máa fún iṣan lókun ní ọjọ́ 2, ó kéré tán, lọ́sẹ̀. Èyí kò béèrè owó púpọ̀. Àwọn Òṣómàáló, oníṣòwò aṣọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ni a mọ̀ fún lílóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí owó yóò fi jáde. Lílóṣòó àti dídìde gan-an ni iṣẹ́ tí itan ń fẹ́. Kí àgbà jókòó sórí àga, kí ó dìde láìfi ọwọ́ ti ara rẹ̀, ní ìgbà 10. Kí ó sinmi, kí ó sì tún un ṣe. Nígbà tí ó bá rọrùn, kí ó di kẹ́ẹ̀gì omi kékeré mú, kí ó sì máa fi kún un díẹ̀díẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sé èémí bí ó ti ń gbé ẹrù. Kí ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àrùn ọkàn tàbí oríkèé ríro kọ́kọ́ rí dókítà. Kí a má sì ṣe tìtorí èyí pa kẹ̀kẹ́ tì: àwọn méjèèjì ni yóò jẹ́ kí àgbà lọ, kí ó sì bọ̀ láìfarapa.