Òtílí fún Àwọn Ọmọ Wa

Ẹ̀yin ìyá ọmọ, bí mo bá ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀wọ̀, n kì í padà láìra òtílí àwọn àgbẹ̀ apá òkè Ìdóàní. Aládùúgbò mi kan rí i, ó rẹ́rìn-ín, ó ní oúnjẹ ará oko ni. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ mímu lásán ni ọmọ rẹ̀ ń mu láàárọ̀ lálẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti ń wú! Mo ní kí ó tètè gbé e lọ sí ọsibítù.

Nínú 100 gíráàmù òtílí gbígbẹ, nǹkan bí 20 ni èròjà tí ń mú ara dàgbà. Ti ẹ̀kọ mímu kò tó nǹkan. Òtílí le lóòótọ́. Ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, ẹ da omi náà nù, ẹ sè é títí yóò fi rọ̀. Fún ọmọ tí ó ti ju oṣù 6 lọ, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, kí ẹ pò ó mọ́ ẹ̀kọ rẹ̀ pẹ̀lú epo pupa díẹ̀.